Pròpẹ́là Mercury Revolution 4 lórí bóòtù tó ń lọ Ìlàṣẹ: ó ń gbéra, kì í mu afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ibi tí mo dúró. Tó bá jẹ́ pé bóòtù yín wúwo, tí ẹ̀ ń kó èèyàn pẹ̀lú ẹrù, tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo ṣùgbọ́n tí imú bóòtù kàn gbé sókè tí kò fẹ́ wálẹ̀, ẹ má tíì lọ ra ẹ́ńjìnnì tuntun o. Ẹ wo pròpẹ́là yín ná. Èmi ti gbé Mercury Revolution 4, stainless, abẹ́ mẹ́rin, 17 pitch (màá ṣàlàyé nọ́ńbà yìí tó bá yá), sídìí ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 200 tó wà lẹ́yìn bóòtù fáíbà mi, mo ti lò ó nígbà òjò, mo ti lò ó nígbà ọyẹ́, mo ti fi kó èrò lọ Ìlàṣẹ lọ́jọ́ Sátidé tí gbogbo Èkó ń lọ bíìṣì, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀.

Kí n tó sọ nǹkan tó ṣe fún mi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ kan, torí òun ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa náwó síbi tí kò yẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣàdédé ké tí bóòtù ò sì lọ, àìsàn méjì ló lè fà á, oògùn wọn ò sì jọra. Èkínní ni afẹ́fẹ́: pròpẹ́là fa afẹ́fẹ́ láti ojú omi wọlé, tàbí kó jẹ́ èéfín ẹ́ńjìnnì ló yí padà wọ àárín abẹ́, abẹ́ ò wá rí omi dì mú mọ́, RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, á fò sókè, bóòtù á máa falẹ̀. Èyí ló pọ̀ jù ní ojú omi wa. Èkejì ni cavitation fúnra ẹ̀: abẹ́ ń yí lágbára débi pé omi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ò rí nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́ rárá, omi á wá hó, ní tútù bẹ́ẹ̀, láìsí iná kankan, àwọn róbótó kéékèèké tó jáde nínú híhó yẹn á wá máa fọ́ mọ́ ara irin, fífọ́ yẹn lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń jẹ irin. Tí ẹ bá tú pròpẹ́là sílẹ̀ tí ẹ rí ihò wẹ́wẹ́ lára abẹ́, tí ọ̀dà ojú ẹ̀ ti bó níbì kan ṣoṣo, òun nìyẹn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti etí abẹ́ tó ti tẹ̀ tàbí tó ti ṣán, torí omi ò lè ṣàn gba ibẹ̀ dáadáa mọ́.

Nǹkan yìí ò bẹ̀rẹ̀ lónìí o. Charles Parsons, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé turbine, ẹ́ńjìnnì tí ooru omi ń yí, sínú ọkọ̀ Turbinia, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jìyà ẹ̀ gidi. Lọ́dún 1894 tí ọkọ̀ yẹn wọmi, ọ̀pá pròpẹ́là kan ṣoṣo ló ní, turbine ń yí i kíákíá, omi kàn ń hó lẹ́yìn abẹ́ ni, ọkọ̀ ò dé sípíìdì tó yẹ kó dé. Bàbá yẹn ò fi iná kún un, ńṣe ló ṣe táǹkì kékeré kan kó lè fojú ara ẹ̀ rí nǹkan tí omi ń ṣe lára abẹ́, ó wá tún ọkọ̀ náà ṣe, ó pín agbára sí ọ̀pá mẹ́ta, ó fi pròpẹ́là mẹ́ta sórí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó di mẹ́sàn-án. Ní 1897 ó gbé e lọ Spithead níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun Ọbabìnrin Victoria tò sí, ó sáré 34 knots, kò sí ọkọ̀ ogun tó lè lé e bá níbẹ̀. Turbinia ṣì wà ní Newcastle di òní, nínú mùsíọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ Discovery. Nǹkan tó yí padà ni pé abẹ́ tó pọ̀ ló wá ń pín iṣẹ́ náà ṣe, kò sí èyí tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún. Ìdí kan náà nìyẹn tí mo fi ní abẹ́ mẹ́rin ló yẹ bóòtù elérò.

Bóòtù tèmi jẹ́ 26 fíìtì, ìdí ẹ̀ rí bíi V, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo, four-stroke. Pròpẹ́là tó bá a wá jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù abẹ́ mẹ́ta, 19 pitch. Tó bá ṣófo, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n tí èrò bá wọ̀ ọ́, tí wọ́n gbé kúlà, jẹnẹrétọ̀ kékeré àti gbogbo ẹrù bíìṣì wọlé, ó di ìjà. Imú á gbé sókè débi pé mi ò ní rí iwájú, bẹ́ẹ̀ sì rèé inú Five Cowrie Creek la wà, ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́tùn-ún lósì, ẹ́ńjìnnì á máa mi èémí, a ó máa rìn bẹ́ẹ̀ lọ títí ká tó gbéra, ìyẹn ni kí bóòtù gun orí omi kó máa sáré lójú ẹ̀. Tá a bá wá dé ibi tí omi ti ṣí sí ọ̀nà Àpápá, tí ìgbì ọkọ̀ ńlá tàbí tọ́gù bá gbé ìdí bóòtù, pròpẹ́là á mu afẹ́fẹ́, ẹ́ńjìnnì á ké, a ó tún bọ́ sílẹ̀, a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀rẹ̀. Pẹtiróòlù tó ń lọ síbẹ̀, ẹ ò ní gbàgbọ́.

Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, 200 ò gbé e, 250 ni kẹ́ ẹ lọ mú." Mi ò dá a lóhùn. Mo lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tó ti ń tú ẹ́ńjìnnì bóòtù láti ìgbà tí Johnson àti Evinrude ṣì kún gbogbo etí ọ̀sà. Bàbá ò tiẹ̀ ṣí ẹ́ńjìnnì. Wọ́n kàn bi mí pé, "Àbúrò, tí èrò bá kún, tó o tẹ̀ ẹ́ dópin, mélòó lo ń rí lójú aago?" Mo ní 4,700, Bàbá. Wọ́n ní, "Ìwé ẹ́ńjìnnì ńkọ́, kí ló sọ?" Mo ní 5,000 sí 6,000. Wọ́n ní, "Ẹ́ńjìnnì ẹ ò ṣàìsàn. Ẹrù tó o gbé rù ú ló wúwo ju ọ̀nà tó o ní kó gbà lọ. Lọ wá pitch tó kéré, kó o wá abẹ́ mẹ́rin." Kì í ṣe gbogbo mẹkáníìkì ló ń béèrè RPM kó tó sọ̀rọ̀, ẹni tó bá ń béèrè, ẹ di ẹni yẹn mú.

Nọ́ńbà méjì ló wà lára pròpẹ́là, ínǹṣì sì ni méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ ẹ̀, tèmi yìí jẹ́ 14.6 níbẹ̀. Èkejì ni pitch, ìyẹn ni bí ìbá ṣe lọ síwájú tó nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká ní kò yọ̀ rárá nínú omi. 19 pitch lórí bóòtù tó kún, danfo tó fẹ́ fi gíà kẹta gun afárá láti ibi tó dúró sí ni, ẹ́ńjìnnì ò ráyè fò débi tí agbára ẹ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá dín pitch kù ní ínǹṣì kan, RPM máa ń gòkè ní nǹkan bíi 150 sí 200. Mo bọ́ láti 19 sí 17, ó yẹ kí n rí tó 400, ṣùgbọ́n abẹ́ kẹrin náà máa ń gba díẹ̀ lára ẹ̀ torí ó ń di omi púpọ̀ mú. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé pẹ̀lú pròpẹ́là àtijọ́ yẹn, bóòtù tó kún kì í gbéra dáadáa, ìyẹn náà ń di ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́. Lójú aago tèmi báyìí, pẹ̀lú èrò, mo ń rí 5,200. Tí bóòtù bá fúyẹ́, 5,500. Ó wọ inú nǹkan tí ìwé sọ, ọkàn mi balẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù lára pròpẹ́là yìí rèé. Nídìí abẹ́ kọ̀ọ̀kan, lára àgbá àárín, ihò róbótó kan wà, PVS ni Mercury ń pè é. Èéfín ẹ́ńjìnnì ń gba inú àgbá yẹn kọjá lọ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà tí bóòtù ṣì ń falẹ̀, díẹ̀ nínú èéfín yẹn á yọ gba ihò náà sẹ́yìn abẹ́, omi ibẹ̀ á rọ̀ díẹ̀, pròpẹ́là á rọrùn láti yí, ẹ́ńjìnnì á tètè fò débi tí agbára ẹ̀ wà, imú á wálẹ̀, ó ti gbéra nìyẹn. Tó bá ti ń sáré, omi tó ń ṣàn kọjá lórí ihò yẹn fúnra ẹ̀ á dí i, èéfín á gba ẹ̀yìn lọ pátápátá, abẹ́ á di omi mú ṣinṣin. Afẹ́fẹ́ kan náà tí gbogbo wa ń sá fún, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n fún un ní àyè tó yẹ, wọ́n sì rán an níṣẹ́. Inú mi máa ń dùn sí ẹni tó ro irú nǹkan báyìí jinlẹ̀.

Plug oníke wà fún ihò yẹn, èyí tó dí pa, èyí tó ní ihò kékeré, ti àárín, àti èyí tó tóbi, ẹ sì lè má fi plug kankan sí i rárá. Ẹ máa tú pròpẹ́là sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lè pààrọ̀ ẹ̀, torí náà ẹ gbé sípánà dání. Mo kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀ gbalasa, ẹ́ńjìnnì fò jù kí abẹ́ tó gbá omi mú, mo fi èyí tó dí pa sí i, ó tún wúwo díẹ̀ nígbà tí èrò kún, mo wá fi ti àárín sí i, ó jókòó síbi tó yẹ. Ti yín lè yàtọ̀ o, bóòtù tó wúwo ju tèmi lọ lè fẹ́ ihò tó tóbi, èyí tó fúyẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ lágbára lè má nílò ihò rárá. Ẹ ní sùúrù, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí omi ti pa rọ́rọ́, pẹ̀lú ẹrù kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n pròpẹ́là tó dáa jù láyé ò lè gbà yín lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bóòtù kúrò nílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ eléyìí dáadáa. Kẹ́ ẹ tó tẹ iná, ẹ tẹ trim wọlé pátápátá kí ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sún mọ́ ìdí bóòtù, ìyẹn ló ń ti imú wálẹ̀. Ẹ kó èrò àti kúlà síwájú díẹ̀, kì í ṣe kí gbogbo èèyàn kó sẹ́yìn lọ́dọ̀ orin, kí wọ́n jókòó, kí láìfù-jákẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn wọn kó sì dè, kí okùn kill switch, èyí tó ń pa ẹ́ńjìnnì tó bá já, wà lára ẹni tó ń wa bóòtù. Ẹ wá ti throttle, ọwọ́ tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná, lọ síwájú láìdáwọ́dúró, ṣùgbọ́n ẹ má já a lójijì, torí tẹ́ ẹ bá já a nígbà tí omi ò tíì máa ṣàn lára abẹ́, abẹ́ á kàn lu ihò sínú omi ni, afẹ́fẹ́ á wọlé. Imú á gbé sókè, á dúró díẹ̀, ẹ má dín in kù níbẹ̀, á wá sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀ ẹ́ sì rí i pé bóòtù fúyẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ dín throttle kù sí sípíìdì tẹ́ ẹ fẹ́ lò, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé trim jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi etí kan sílẹ̀ fún ẹ́ńjìnnì, ẹ fi ojú kan wo GPS. Tí RPM bá ń gòkè tí sípíìdì náà ń gòkè, ẹ máa gbé e lọ. Tí RPM bá gòkè tí sípíìdì ò mọ̀ ọ́n, ẹ ti gbé e jù, ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ yí kọ́nà, ẹ kọ́kọ́ tẹ trim wọlé, torí ibi kọ́nà ni pròpẹ́là ti máa ń mu afẹ́fẹ́ jù. Tó bá wá mu ún náà, ẹ má fi iná kún un láé, ẹ fa throttle padà títí tí abẹ́ á fi tún gbá omi mú, kẹ́ ẹ tó tún tẹ̀ ẹ́.

Gíga tí ẹ́ńjìnnì wà náà ṣe pàtàkì. Pẹpẹ irin tó wà lókè pròpẹ́là yẹn, ó yẹ kó bá ìsàlẹ̀ bóòtù dọ́gba tàbí kó fi nǹkan bíi ínǹṣì kan ga jù ú lọ lórí bóòtù onídìí V. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, omi á máa fà yín sẹ́yìn. Tó bá ga jù, afẹ́fẹ́ ni ẹ ó máa jẹ. Abẹ́ mẹ́rin tí etí ẹ̀yìn ẹ̀ ká díẹ̀, bí tèmi yìí, máa ń fara da gíga díẹ̀ ju abẹ́ mẹ́ta alumíníọ́ọ̀mù lọ, ẹ ṣì máa dán an wò. Ẹ tún wo nǹkan tó wà níwájú ẹ̀ lábẹ́ bóòtù, bí ojú ẹ̀rọ tó ń wọn jíjìn omi bá wà tààrà níwájú pròpẹ́là, òun fúnra ẹ̀ á máa da omi rú ránṣẹ́ sí abẹ́. Àwọn bóòtù oníná tó wá díje E1 lórí ọ̀sà Èkó ní oṣù kẹwàá 2025, ìyẹ́ abẹ́ omi ló ń gbé gbogbo ara wọn kúrò lórí omi, ọ̀nà wọn yàtọ̀ sí tiwa. Tiwa, ìdí bóòtù ló máa jókòó lórí omi.

Ní ti sípíìdì, ẹ gbọ́ òótọ́: abẹ́ mẹ́rin, èyíkéyìí tó bá jẹ́, sábà máa ń gba díẹ̀ lára sípíìdì òkè pátápátá. Ẹni tó kàn fẹ́ sáré ju ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ nínú bóòtù fífúyẹ́, abẹ́ mẹ́ta stainless ló yẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ bí tiyín ṣe ń yọ̀ tó nínú omi, ìṣirò ẹ̀ ò le: ẹ fi RPM lu pitch, ẹ fi gear ratio ẹ́ńjìnnì (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí kí pròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan) pín in, ẹ tún fi 1,056 pín in, máìlì láàárín wákàtí kan lẹ máa rí. Tèmi, 5,500 lọ́nà 17, gear ratio 2.00, ó fún mi ní nǹkan bíi 44. GPS ní 38. Ìyẹn ni pé ó ń yọ̀ tó ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún, 10 sí 15 sì ni bóòtù irú èyí sábà máa ń wà. Tó bá jẹ́ 25 tàbí 30 lẹ rí, pròpẹ́là yín ń mu afẹ́fẹ́, tàbí pitch tó wà lára ẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà tí wọ́n kọ, àwọn tí wọ́n ti lù tún ṣe sì pọ̀ lọ́jà. Ibi tí èmi ti jèrè jù ni ìsàlẹ̀: bóòtù yìí lè dúró lórí omi ní sípíìdì kékeré báyìí láìbọ́ sílẹ̀, níbi tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ mo gbọ́dọ̀ máa sáré kó má baà rì padà. Nígbà tí ojú ọ̀nà bá dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tarkwa Bay, ẹ ò mọ bí ìyẹn ṣe wúlò tó.

Omi tiwa náà ní ìwà tiẹ̀. Nígbà tí omi dídùn bá ya wọ ọ̀sà lẹ́yìn òjò, ewé hyacinth á bo ojú omi, títí tí iyọ̀ òkun á fi pa á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Náílọ́ọ̀nù pure water wà ní gbogbo ìgbà. Ewé tàbí náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo tó bá ká mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó tó láti da omi rú kí pròpẹ́là máa mu afẹ́fẹ́, ẹni tí kò bá mọ̀ á sọ pé pròpẹ́là ò dáa. Ẹ dá throttle padà sí àárín, ẹ gbé bóòtù sẹ́yìn díẹ̀ kó tú u dànù, tí kò bá tú, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó gbé e sókè lọ yọ ọ́. Stainless ò ní tẹ̀ nítorí ewé, etí ẹ̀ tinrin, kì í sì í ká kò bí alumíníọ́ọ̀mù. Ṣùgbọ́n gẹdú ńkọ́? Gẹdú tó já lára àwọn tí wọ́n ń fà lọ sí ibùdó pákó, àti igi tí àwọn apẹja rì mọ́lẹ̀, ìyẹn yàtọ̀. Alumíníọ́ọ̀mù á ya, ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì á yè é. Stainless ò ní ya, torí náà hub, èyí tó wà nínú ẹ̀ tó so ó mọ́ ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, ló gbọ́dọ̀ gba ìyà yẹn. Ti Mercury yìí, Flo-Torq II, ó ṣeé yọ, ó ṣeé pààrọ̀ láìgbé e lọ síbi tí wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ jáde. Alumíníọ́ọ̀mù mi àtijọ́ ṣì wà nínú bóòtù, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti pín, torí kò sẹ́ni tó yẹ kó kó èrò lọ Ìlàṣẹ pẹ̀lú pròpẹ́là kan ṣoṣo.

Owó ẹ̀ ò kéré o, dọ́là ló ń darí ẹ̀, ó sì ju alumíníọ́ọ̀mù lọ fíìfíì. Ẹni tó ń fi ẹ́ńjìnnì Yamaha Enduro 40 tàbí 75 na ọ̀nà kúkúrú, tí bóòtù ẹ̀ ń gbéra dáadáa, kò yẹ kó wo èyí rárá, kó ra alumíníọ́ọ̀mù tó bá a mu, kó máa tún etí ẹ̀ ṣe déédéé. Àwa tá a wà lórí 150 sókè, tí ẹrù wa wúwo, owó yẹn á padà nínú pẹtiróòlù, ẹ́ńjìnnì náà ò sì ní máa ṣiṣẹ́ àṣekú lójoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ mọ̀ pé hub ò sábà bá a wá, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń tà á, ó sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yín mu, torí náà ẹ mú orúkọ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yẹ nọ́ńbà pitch wò lára àgbá kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ fi girísì tí omi ò lè fọ̀ dànù sára ọ̀pá kẹ́ ẹ tó kì í bọ̀ ọ́, omi iyọ̀ wa yìí lè lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dì í tán, ẹ fi ọ̀dà fa ìlà kan láti ara hub kọjá sára pròpẹ́là. Lọ́jọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá ké tí bóòtù ò lọ, ẹ wo ìlà yẹn kẹ́ ẹ tó dá afẹ́fẹ́ lẹ́bi: tí ìlà náà bá ti pín sí méjì, hub ló ti yọ̀, ẹ pààrọ̀ ẹ̀, pròpẹ́là ò ṣe yín ní nǹkan kan.